Ohùn Tó Ní Kí Wọ́n Gbin Àgbàdo

Bàbá Àgbàdo ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé, bẹ́ẹ̀ irun funfun kan kò tíì sí lórí rẹ̀. Bí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bá ti kọrin tán, ohùn rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó ń dá oko lẹ́yìn odò, gbà á gbọ́ jù wọ́n lọ.

Lọ́dún kan, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wojú òjò, àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò kò fẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo, ló bá ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti èṣí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ti èṣí ni.

"Òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa," ni ohùn náà wí. "Ẹ má fi falẹ̀ mọ́. Ẹ gbin àgbàdo yín."

Wọ́n gbìn ín. Òjò rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lọ. Oòrùn mú èyí tó hù, ó gbẹ háúháú.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó lọ sí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a lórí ìdúró níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbogbo irúgbìn ilé ni mo kó sínú ilẹ̀. Ohùn rẹ ni mo gbọ́."

"Orí ibùsùn ni mo wà o. Ọ̀rọ̀ èṣí ni wọ́n gbé jáde."

Obìnrin náà wò ó. "Ìwọ náà ńkọ́, o gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ náà. Ó gbọ́ ọ. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé wọn kò gbàgbé òun, oorun sì gbé e lọ.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ dà á nù. "Ṣé o fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ ni? Sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kó o máa lọ sílé."

Lọ́jọ́ Sátidé, bí iná pupa tó ń fi hàn pé ó ti wà lórí afẹ́fẹ́ ti tàn, ó ní, "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ níjọ́sí kì í ṣe ti ọdún yìí. Èmi náà gbọ́ ọ, n kò..." Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Orin àwọn akọrin gba gbogbo afẹ́fẹ́. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lọ sí ìlú ńlá, ó ń fọṣọ fún àwọn èèyàn. Ọkùnrin náà tún oko tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ gbìn nígbà tí òjò dé lóòótọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà nítòsí ń kọjá lára rẹ̀, wọn kì í kí i. Ìwọ̀nba àgbàdo tó rí, àpò kan péré ló gbà á. Ó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àgbàlá tó ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀, ó gba àpò, ó dúpẹ́. Kò sọ pé kó jókòó.