Páúdà Tí Màámi Nù Dànù

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Warri fún yín, nígbà tí àwọn ọmọ creek, àwọn ajìjàgbara inú omi, ń fọ́ páìpù epo, tí sójà kún títì. Ó ti pẹ́ o, àmọ́ tí mo bá ń rò ó báyìí, ṣe ló tún máa ń rẹ̀ mí.

Iṣẹ́ ìwádìí fún oyè másítà ni mò ń ṣe nígbà náà. Mo fẹ́ sọ álúmíníọ̀mù, irin tí kò lágbára yẹn, di alágbára láìjẹ́ pé ó wúwo sí i. Báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú páànù méjì, ẹ ó bu páúdà kan sáàárín wọn, ẹ ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ ó yan wọ́n gbóná, ẹ ó wá tì wọ́n bọ ẹ̀rọ tí irin gbọọrọ méjì ti ń yí. Ẹ̀rọ náà á tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó gé e sí méjì, ẹ ó tò ó léra, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lemọ́lemọ́, títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára yín. Bó ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ni páúdà ń tàn kálẹ̀ sí i, tí irin náà ń le sí i.

Páúdà ọ̀hún kì í ṣe àtíkè ọjà o. Ó kúnná débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Òkè òkun ni olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi ti mú un bọ̀ nínú ìgò kékeré kan, kò sì sí òmíràn.

Ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ wa ò ṣiṣẹ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù Bros Ovie ní Warri–Sapele Road ni mo ti ń ṣe é. Ọmọ Urhobo ni, páànù ló ń tẹ̀ tà, ó sì máa ń yọ̀ǹda ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi tí iṣẹ́ bá dẹwọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti da gbogbo páúdà tó kù sáàárín páànù, mo ti fi wáyà so ó, ó ku kí n yan án. Bí ìbọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún nítòsí nìyẹn. Bros Ovie pa ẹ̀rọ, ó wò mí.

"My sister, carry your load dey go house. Today no be day for school matter."

Mo fi aṣọ mímọ́ wé páànù mi, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo gba ẹ̀yìnkùlé dé Ugborikoko, níbi tí èmi àti Màámi ń gbé. Lọ́jọ́ náà ni ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màámi jẹ́. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìkòkò álúmíníọ̀mù ni wọ́n ti ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Jakpa Road kí n tó dáyé. Láràárọ̀, kí ìkòkò tó jáde síta, wọ́n á fi àkísà nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á wá fi òróró díẹ̀ pa á. Wọ́n ní oníbàárà kì í wo ìkòkò tí kò bá dán.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí?

Nígbà tí òfin náà dẹ̀ díẹ̀, mo lọ wò bóyá Bros Ovie ti ṣí. Ó ti ṣí, iná sì wà. Mo sáré padà wálé láti mú páànù mi. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wáyà ti wà nílẹ̀. Páànù méjèèjì wà lórí itan wọn, wọ́n ń dán yinrin-yinrin fún òróró.

"Màámi, páúdà tó wà láàárín rẹ̀ ńkọ́?"

"Eruku yẹn? Mo ti bá ẹ nù ún. Ó ti bò ó mọ́lẹ̀."

Mi ò lè pariwo. Ṣé ẹ mọ àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè bínú? Òun ló mú mi. Òróró ṣeé fọ̀ kúrò, ojú irin ṣeé ha padà, ṣùgbọ́n páúdà ti bá àkísà lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rọra ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí wọ́n nù dànù yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi dá lé, kò sì sí ibi tí mo ti lè rí i mọ́.

Màámi ò bẹ̀ mí. Wọ́n ṣáà ń nu páànù lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ti pè lánàá. Àwọn jàǹdùkú ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn, wọn ò ṣẹ́ ìkòkò kan kù.

"Mi ò rí nǹkan nù láàárọ̀ yìí," Màámi ní, "ni mo bá mú tìẹ."

Mo sún mọ́ wọn. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú.

Mo fi ìwọ̀nba páànù tí mo ti tẹ̀ ṣáájú parí iṣẹ́ náà, láìsí páúdà ìkẹyìn yẹn. Nígbà tí a dán irin náà wò, kò le tó bí mo ṣe fẹ́, olùkọ́ mi ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo gboyè. Màámi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé lásìkò wàhálà, ẹni tó ba nǹkan wa jẹ́ lè ti pàdánù ju tiwa lọ, kó má sì tíì rí ẹni bi í léèrè. Ẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Warri nígbà yẹn, kí ló lọ lọ́wọ́ yín tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ kọ ọ́ síbí. Bó ti wù kó gùn tó, màá kà á.