Orúkọ Igi Tí Míìsì Bi Mí Lọ́nà Ìdó

Mo rántí ìgbà tí Míìsì kọ́kọ́ kó wa jáde kúrò nínú kíláàsì, tó ní kí olúkúlùkù fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Báyọ́lọ́jì ló ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Inú mi kò dùn rárá. Èmi tí ìyá mi ń fi oko ríro jẹ níyà ní gbogbo Sátidé, ṣé ilé ìwé ni wọn yóò tún ti máa mú mi wọ igbó? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, kò sì sí ohun tí n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí fẹ́ràn ìta bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyọ̀. Á wọ bàtà kánfáàsì, á ró ìró lé sòkòtò, á ní ká di ojú, ká gbóòórùn ewé, ká sọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹyẹ bá ké, á dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró láti gbọ́ ọ. Àwọn ìyá àdúgbò máa ń sọ pé igbó ló fi ṣe ọkọ. Ó gbọ́, ó ní igbó kì í sáà bá òun jà. Kí táàmù kan tó parí, èmi tí mò ń kùn ni mò ń gbé àpò rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń rìn bíi tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé gbígbẹ bo gbogbo ilẹ̀. Ó kó àwa méjìlá lọ sí ìdí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ó sì kìlọ̀ fún wa pé, "Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má yà." Mo rí àgbálùmọ̀ pípọ́n nílẹ̀ lápá ọ̀tún, mo yà. Ó pè mí. Mo gbọ́. Ó tún pè mí, mo tún gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí mo fẹ́ ṣa mẹ́ta, kí n fún un ní èyí tó tóbi jù. Ó wá bá mi. Bó ṣe di apá mi mú, tó fà mí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ewé. Paramọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì bù ú ṣán.

Míìsì kò pariwo. Ó jókòó, ó ní ká má so okùn mọ́ ẹsẹ̀ náà, ká má fi abẹ kàn án, ká kàn fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dì í kó má mì. Bàbá àgbẹ̀ kan sáré dé láti oko tó wà nítòsí, ó ti fa ọ̀bẹ yọ. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," Míìsì ní, "ọkọ̀ ni mo fẹ́." Bàbá náà gé ọ̀pá igi méjì, a so ìró Míìsì mọ́ wọn, a sì gbé e dé ìlú.

Ọkọ̀ wà nílùú, epo ni kò sí. Ìgbà ọ̀wọ́n epo ni. Mo sáré láti ilé dé ilé, mo kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà ìjọ wa, tí ọkọ̀ Píjò rẹ̀ ti ń gba eruku lábẹ́ igi máńgòrò láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí mo bá ní epo, ṣé o rò pé n óò máa wò ọ́ báyìí?"

Òun náà ló rántí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tú epo inú rẹ̀. Ìyá tó ń lọ ata tú ti ẹ̀rọ tirẹ̀, ọlọ́kadà méjì sì fẹnu fa tiwọn jáde. Kí ọkọ̀ náà tó ṣí, ẹsẹ̀ Míìsì ti wú dé orúnkún.

Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ yà sí ní Ìkọ̀lé, wọ́n ní oògùn oró ejò ti tán, ká máa lọ sí Ìdó. Nígbà tí a fi máa kọjá Ọ̀yẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní èrìgì rẹ̀, kò sì lè la ojú mọ́.

"Igi wo là ń kọjá?" ó bi mí.

"Ìrókò ni, mà."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Mo sọ arère, mo sọ ọ̀pẹ, mo sọ àràbà. A dé ibi tí wọ́n ti sun igbó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eérú. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dákẹ́, yóò lọ. Mo ní, "Ìrókò mìíràn, mà."

Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò sí ìrókò níbẹ̀. Mo mọ ọ̀nà yìí. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ."

"Eérú ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tó pè mí. Mo la ẹnu, orúkọ igi mìíràn ló jáde. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

A dé Ìdó nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Oògùn wà, àwọn nọ́ọ̀sì sì sáré, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó kú kí wọ́n tó tan iná wọ́ọ̀dù.

Ìlógbò, ìlú rẹ̀, la sin ín sí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tí kò bí ju òun nìkan lọ. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú, ó bi mí ohun tí ọmọ òun sọ kẹ́yìn. Mo ní orúkọ igi ló ń béèrè. Ìyá náà ní, "Kì í gbé ulé láti kékeré, inú igbó ṣáá ni," ó sì bú sẹ́kún. N kò lè sọ ìyókù. Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo gbẹ́ kòtò, ẹlòmíràn ló jìn sí i. Gbogbo ìlú ní ejò ló pa á, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́tàlá kí n tó padà sí Ìlógbò. Mo bá ìyá náà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ ogbó ti gba iyè rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: àgbálùmọ̀, ìpè ẹ̀ẹ̀mejì, bí mo ṣe kọ etí ikún sí i. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pa mí lórí, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó ní, "Ṣé o ti ti inú igbó dé?"

Mo ní, "Mo ti dé, Màmá."

Ó ní kí n lọ wẹ ẹsẹ̀ mi, kí n wá jẹun. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo jẹun náà. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n jẹ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo gbé lọ, èmi náà ni mo gbé e bọ̀.