Kókó Tó Ń Yọ̀ Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

"Ùn-ùn! Ùn-ùn!" Ìyá àgbà ò lè lanu, torí etí okùn kan wà láàárín eyín wọn, ìkejì sì há sáàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn àti ìka tó tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n ń kùn mọ́. Mo ti lọ jókòó lé okùn oníṣẹ́ lórí. Mo sún kúrò kíá, wọ́n mi orí, ọwọ́ wọn méjèèjì sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Èéfín ẹja yíyan ń gba ẹ̀yìnkùlé wá, àwọn àkùkọ ń dá ara wọn lóhùn títí dé òdìkejì odò, òórùn adín tó wà nínú igbá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, létí odò Ògùn ní Agboyi, láyé ìgbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìkòsì. Ọkọ wọn ló jẹ́ apẹja. Nígbà tó kú, ọkọ̀ rẹ̀ jẹrà sétí omi, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ ìyá àgbà nípa okùn ò jẹrà. Gbogbo apẹja àdúgbò ló ń gbé ìwọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n bá wọn so ó. Ìdájí ni wọ́n ń wá, wọ́n á kí, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ, torí apẹja tí a bá bi níbi tó ń lọ kì í rí ẹja pa. Èmi ọlọ́fòófó bi ọ̀kan rí: "Bọ̀dá, ibo lẹ ń lọ?" Ńṣe ló gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ lé èjìká, ó padà sílé lọ sùn. Ìyá àgbà fi gbogbo ọjọ́ yẹn bá mi jà.

Okùn òwú ni gbogbo wọn ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ti rẹ sínú omi èèpo igi ẹ̀gbà títí tó fi pọ́n. Ó lágbára, àmọ́ bí omi bá mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹja á rí i, á sá. Ìgbà náà ni okùn náílọ́nù dé láti Èkó. Ó tín-ín-rín bí irun, bó bá ti wọ omi, ó di àwátì. Ó wọ́n gan-an, kò sẹ́ni tó lè ra púpọ̀, nítorí náà wọ́n á ra díẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìdí òwú, ìwọ̀ á wá wà lẹ́nu náílọ́nù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà, iṣẹ́ ìyá àgbà sì ni.

Ẹ wá wo ọwọ́! Wọ́n á ṣẹ́ etí náílọ́nù po, á di ojú kan bí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n á ti etí òwú bọ ojú náà, wọ́n á fi yí ẹsẹ̀ náílọ́nù méjèèjì ká, wọ́n á yí i, wọ́n á yí i, kò sí èyí tó gun ara wọn lórí. Wọ́n á wá tún ti etí òwú bọ inú ojú yẹn padà. "Ibi tó gbà wọlé ni kó gbà jáde," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Èyí tó bá gba ibòmíràn jáde, olè ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ìka bọ adín, wọ́n á fi pa kókó náà, wọ́n á sì fà á pinpin. Bí ọkọ wọn ṣe kọ́ wọn láti máa ṣe okùn òwú nìyẹn, kí omi má bàa tètè jẹ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni apẹja kan dé, ilé kẹta sí tiwa, onínúfùfù ni. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju okùn òwú sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!" Ọ̀bọ̀kún ńlá kan ló gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ó ní irú rẹ̀ ò tíì bọ́ sí òun lọ́wọ́ rí. Ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹja náà jà, ó gbé gbogbo náílọ́nù àti ìwọ̀ lọ. Ìyá àgbà gbé etí okùn sókè wò. Òwú ò já. Kókó ló yọ̀.

"Ìyá, ọwọ́ yín ti gbó," ló wí. "Ẹ lọ sinmi."

Ó dùn mí dọ́kàn. Mo fẹ́ sọ̀kò lù ú. Ìyá àgbà kàn ń wo okùn. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi dé pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà, ẹlòmíràn tún dé. Ọ̀rọ̀ dé etí omi, àwọn obìnrin ń sọ ọ́ síra wọn létí pé ọjọ́ ogbó ti dé sí ìyá oníkókó. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀ á mọ́, kò ní sẹ́nì kan tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Orúkọ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ ló ń yọ̀ lọ yẹn, bí ẹja.

Ìyá àgbà ò gégùn-ún, wọn ò sunkún. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn," ni wọ́n wí. Wọ́n so náílọ́nù mọ́ òpó ilé, wọ́n ń ta kókó, wọ́n ń fà á. Ó ń yọ̀. Wọ́n tún un ta, ó tún yọ̀. Títí oúnjẹ mi fi ń jóná lórí iná ni wọ́n wà nídìí òpó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ti ta kókó tán kí wọ́n tó rántí pé igbá adín wà nínú ilé. Orúnkún ń dùn wọ́n, ó sú wọn láti dìde. Wọ́n fi itọ́ pa á bí ẹni fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n fà á. Kò yọ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ ti òpó, wọ́n fi gbogbo ara fà á. Pàù! Òwú ló já, kókó ò mì. Wọ́n ní kí n sáré gbé adín wá. Wọ́n ta òmíràn, wọ́n fi adín pa á, ó yọ̀ wọ̀ọ̀ bí ilá.

"Yéè! Adín!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òwú ń mu adín. Eléyìí ò mu nǹkan kan!"

Ìyá mi wá kí wa láti Ifákọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní inú òun dùn, kí ìyá àgbà kàn máa fi itọ́ ta á láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n sọ pé náílọ́nù tàkọ́kọ́ ni ò dáa. Ta ló máa mọ̀?

Ìyá àgbà wò ó tìyanutìyanu. "Èyí tí mo ti ta sílẹ̀ ńkọ́? Kí n jókòó síbí kí ẹja máa gbé ìwọ̀ àwọn apẹja lọ?"

Wọ́n ró aṣọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó di ojúlé dé ojúlé. "Ẹ kú ilé o. Mo ṣàṣìṣe. Adín tí mo fi pa kókó yín ni ò jẹ́ kó mú. Ẹ gbé ìwọ̀ yín wá kí n tún un ta." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò tilẹ̀ dìde. Wọ́n tún gbogbo èyí tí wọ́n bá gbé wá ta, wọ́n sì fi hàn ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ilé onínúfùfù la dé kẹ́yìn. Ó ń fi igbá gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ìyá àgbà dúró níwájú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ò gbó, àmọ́ ọwọ́ mi ló ṣẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹja rẹ lọ. Má bínú."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. "Ẹ̀yin ló ń bẹ̀ mí, ìyá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí mọ́."

"Dìde, gbé okùn wá," ni wọ́n wí. Wọ́n ta á, wọ́n tutọ́ sí i. "Ó yá, fà á." Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò tú.

Èmi náà ti darúgbó báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pè mí ní màmá àgbà. Mi ò ta kókó kankan mọ́, ojú mi ò gbé e. Àmọ́ ó ti kàn mí rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ tí mo bí kí n sì sọ pé, "Èmi ni mo ṣì í." Ẹnu mi a máa gbọ̀n nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Ìyá àgbà sọ ọ́ yí gbogbo Agboyi ká lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n rárá.