Ẹni Tó Ń Bá Fọlákẹ́mi Kí Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá ní ìyá ọkọ kì í ṣèèyàn, kó lọ bá Fọlákẹ́mi ní Midrand, lórílẹ̀-èdè South Africa, yóò gba èsì tó tọ́ sí i. Ọmọ Iléṣà ni Fọlákẹ́mi, ó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown, ọmọ Súlù sì ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwaníyì. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un lọ.

Tiwa ni pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé sàréè, kì í tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kí ìbànújẹ́ má baà pa òbí mọ́ ọmọ ni àwọn àgbà ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá Fọlákẹ́mi tẹnu mọ́ ọn lórí fóònù láti Iléṣà pé, "Má débẹ̀ o, ọmọ mi." Fọlákẹ́mi gbọ́ràn, ó jókòó sílé. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn Súlù, ìyá kì í gbẹ́yìn níbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀, làwọn ará ilé ọkọ bá ń kùn pé irú ìyá wo nìyí. Damaris, ìyá ọkọ rẹ̀, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nílé tiwọn nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ọdún yí po. Ohun tó wá ń jẹ Fọlákẹ́mi lọ́kàn kì í ṣe ẹnu ará ilé ọkọ mọ́. Ṣé ọmọ òun ò ti máa rò pé òun pa á tì? Ọ̀sán Sunday kan, níbi tí òun àti Damaris ti jọ ń ṣa ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì, ó sọ ọ́ jáde. Ìyá àgbà ò wàásù fún un. Ó nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Eish, Fọlá. Dìde, ká lọ."

Fọlákẹ́mi tẹ̀lé e wọ itẹ́ òkú. Koríko orí sàréè kékeré náà ti di gígé, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Damaris kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá tó dún bíi Súlù sọ pé, "Àkànbí, ìyá rẹ ní kí n kí ọ."

Àkànbí! Oríkì tí Fọlákẹ́mi nìkan fi ń pe ọmọ náà nílé.

"Mámà, ta ló kọ́ yín?"

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ìyókù, ọmọ Nàìjíríà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi. Gbogbo Sunday ni mo ń wá kí i fún ọ. Ọmọ ò gbọdọ̀ máa dá wà, kó má gbúròó ìyá ẹ̀."

Fọlákẹ́mi sunkún, ọpẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹkún náà. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Ó rí aṣọ bora lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Damaris fẹ́ máa bá kíkí lọ, Fọlákẹ́mi rọra dì í lọ́wọ́ mú, òun náà sì kúnlẹ̀.

"Àkànbí," ó ní, "èmi fúnra mi ni."