Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Kọ́ ní Bọ́ọ̀lù

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló ti máa ń ṣọ́ ilé. Láti ìlú wọn lọ́hùn-ún ló ti wẹ òkun wá bá mi ní Ìwòrò, kí n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dínà mọ́ ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Ó wẹ̀ ẹ́ ni o, kò wọ ọkọ̀. Nígbà tó gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tutù.

Ẹ bi mí ní ìtàn ayé rẹ̀. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa ni mo ti ń wò ó láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà lé e jáde, wọ́n ní ó tínrín jù. Ẹgbẹ́ mìíràn gbà á, wọ́n yá a síbí, wọ́n yá a sọ́hùn-ún bí ìkòkò ọbẹ̀, kí ẹgbẹ́ ńlá kan tó rà á, tó di balógun wọn. Síbẹ̀, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń pariwo. Ẹni tí kò jẹ́ kó wọlé dà bí ẹni tó ń gbálẹ̀: ọjọ́ tí kò bá gbá a nìkan ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, èmi nìkan ló ká lára.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe. Tó bá ti gbọ́wọ́ sókè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lẹ́yìn á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Alátakò á ṣẹ́kù sẹ́yìn wọn, rẹfirí á fun fèrè: ọ́fúsáìdì! Mo ní àwọn ọmọ wa náà á ṣe é.

Èmi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ìwòrò nígbà náà. Àna mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wo ipò náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja yíyan. Baálẹ̀ sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa: tí ẹgbẹ́ Ìmẹ̀kẹ, ìlú tó múlé gbè wá, bá tún nà wá, àna mi ló kàn.

"Baba, ẹ̀yin lẹ kọ́ Òyìnbó," àna mi wí. "Èdè wo lẹ fi kọ́ ọ?"

"Ẹ̀gùn ni. Ó tètè gbọ́ ọ jù ẹ́ lọ."

Ọjọ́ ìdíje pé, lórí iyanrìn etí òkun. Apẹja ni àwọn mẹ́rin tí mo tò sẹ́yìn, àwọn tó máa ń fa àwọ̀n ńlá gúnlẹ̀ láràárọ̀. Mo ní tí mo bá ti ké "Ẹ fà á!", kí wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń fa okùn àwọ̀n tí kì í fẹ̀yìn rìn? Mi ò rò ó débẹ̀. Ìmẹ̀kẹ gbé bọ́ọ̀lù dé, mo ké "Ẹ fà á!" Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ wọn bára mu bíi ti sójà, títí wọ́n fi bá aṣọ́lé wa nínú ilé. Góòlù. Mo tún ké kíkankíkan. Wọ́n tún fà á kíkankíkan. Góòlù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba," àna mi wí. "Ẹja á pọ̀ lónìí."

Lẹ́yìn ìsinmi, mo rántí bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ sójú omi: èjìká sí èjìká, ojú síwájú. Mo ké "Ẹ tì í!" Wọ́n bẹ́ síwájú gìrì, alátakò ṣẹ́kù sẹ́yìn, rẹfirí fun fèrè.

"Dàágbó!" ọ̀kan nínú wọn ké, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà ní Ẹ̀gùn nìyẹn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

Ìmẹ̀kẹ ò rí ilé wa gbá mọ́. Àwa gbá mẹ́ta wọlé, wọ́n gbé mi sórí, àna mi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú iyanrìn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n wí. Òótọ́ ni ti "Ẹ fà á" àti "Ẹ tì í", ojú gbogbo Ìwòrò ló ṣe. Àmọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò wẹ òkun kankan, kò sì mọ̀ pé wọ́n bí mi. Góòlù mẹ́ta yẹn àti ìdọ̀bálẹ̀ àna mi, èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Méjì sí òdo ni Ìmẹ̀kẹ fi nà wá, àna mi sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá báyìí.