Alágbàfọ̀ àti Ilẹ̀kùn Ilé Ìyá Ẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ Alágbàfọ̀ ládùúgbò. Ẹni tí aṣọ ẹ̀ dọ̀tí tí kò ráyè fọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ. Ìyàwó ilé tó fi áyọ́ọ̀nù jó ṣòkòtò ọkọ tí kò fẹ́ kí ọkọ gbọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹ má bá a du nǹkan, torí apá tó ti ń ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe apá lásán. Ó ti lọ sílé ọkọ rí, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Ó ní gbogbo aṣọ tí òun fọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé òun kú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà òun ń kí òun. Bó ṣe padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ nìyẹn, tó sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, táwọn méjèèjì sì jọ ń ṣe é: ọmọ ń fọ̀ ọ́, ó ń lọ̀ ọ́, ìyá ń ká a.

Ìyá náà ńkọ́? Màmá ò sí lára àwọn arúgbó tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ka ibi tó ń dùn wọ́n. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn iwájú ni àga ẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti ń ká aṣọ, ibẹ̀ ló ti ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, ibẹ̀ náà ló ti ń bá tọkọtaya parí ìjà tí wọn ò pè é sí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Màmá bá sì ká, àfi kó o máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó o tó tú u wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àtọmọ lọ yẹ ojú Màmá wò lọ́sibítù. Kí wọ́n tó dé, olè ti fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n gbé rédíò, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ tìkòkò tọbẹ̀. Olè tiẹ̀ níwà. Màmá dúró, ó wo orí sítóòfù títí, ó ní, "Ó dáa náà, ebi ló ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkòkò mi ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fẹ́ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí pa Alágbàfọ̀ lẹ́rìn-ín, ó sì tún fẹ́ pa á lẹ́kún. Ohun tó ń rò ni pé wọn ò bá ẹnì kankan nílé. Tí wọ́n bá bá Màmá ńkọ́?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ni àkọ́bí Màmá, táyà ló ń tà, Alátáyà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ńlá ni, ohùn ẹ̀ ń bẹ níwájú kóun fúnra ẹ̀ tó dé. Ọwọ́ ẹ̀ là, oṣù kan ò lè kọjá kó má fi nǹkan oúnjẹ ránṣẹ́ sílé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni kì í yá. Orí fóònù ló ti ń ṣe ọmọ.

Ó pè. "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Sátidé tó máa parí oṣù yìí, mò ń gbé mọ́tò akẹ́rù bọ̀, kí Màmá di ẹrù sílẹ̀. Àjà kẹrin la wà, gétì wà, ọlọ́dẹ wà. Olè tó bá máa dé ibẹ̀, àfi tó bá níyẹ̀ẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká tún ilẹ̀kùn ṣe."

"Ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ yẹn? Kéèyàn máa náwó sí i, kó kúkú máa fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi."

Alágbàfọ̀ ò gbà fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, Màmá ti gbé àjà kẹrin yẹn rí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò. Kò sẹ́ni tó ń kọjá tó lè kí, kò sí aṣọ tó lè ká, gbogbo ará ilé á jáde láàárọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tó padà dé, ó ti rù, ẹnu ẹ̀ ti wúwo, ó tún ń tú aṣọ tí wọ́n ti ká kó lè rí nǹkan ká. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Alágbàfọ̀ mọ̀ nínú ọkàn ẹ̀ pé tí wọ́n bá tún gbé e lọ, Màmá tó mọ̀ ò ní padà wá. Ó sì máa ṣàárò ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù? Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò fi bò.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alátáyà létí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní, "Ó dáa. Tí mo bá dé, màá dán àwọn ilẹ̀kùn yẹn wò fúnra mi. Tí mo bá ráyè wọlé láìsí kọ́kọ́rọ́, Màmá ń bá mi lọ. Tí mi ò bá ráyè wọlé, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, èjìká ló fi ń ti lọ́rì tó bá kú sójú ọ̀nà nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀.

Alágbàfọ̀ ò lówó ilẹ̀kùn irin. Ó ránṣẹ́ sí káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Ó-kù-díẹ̀, torí pé kò sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè bi í nípa ẹ̀ tí kò ní sọ pé ó kù díẹ̀. Ó-kù-díẹ̀ dé, ó fọwọ́ lérán, ó mi orí bíi dókítà, ó ní ilẹ̀kùn tuntun méjì ni, férémù tuntun méjì, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Alágbàfọ̀ wò ó. Ojú tó fi wò ó yẹn ló jẹ́ kó yí ohùn padà pé, "Tàbí ká kàn ṣe ìwọ̀nba."

Tí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ, Alágbàfọ̀ kì í yọ bọ́tìnnì lẹ́nu, ibi tó ti já ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ ò ṣe nǹkan kan. Irin tó ń yọ lẹ́nu ẹ̀ ṣì yọ síta gbọnrangandan, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Férémù ló ya, níbi tí irin náà ń kì bọ̀. Àwọn súkúrù tó wà níbẹ̀ ò gùn ju èékánná lọ, igi lásán ni wọ́n dì mú, wọn ò dé ara ògiri rárá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ẹnu ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn náà sí i.

"Ta ló fi súkúrù bíńtín yìí de ilé èèyàn?" ló béèrè.

Ó-kù-díẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Òun kúkú ni.

Ojú tó tì í yẹn ṣe wọ́n láǹfààní, torí kò jẹ́ kó lè dá iye tó wù ú lé e. Wọ́n ra súkúrù tó gùn tó ìka àárín, wọ́n lù ú gba inú férémù kọjá dé inú ògiri. Wọ́n yọ àwọn kúkúrú tó wà lára hínjìsì, wọ́n fi gígùn rọ́pò wọn. Wẹ́dà tó wà lójú ọ̀nà kejì gé irin pẹlẹbẹ lára àgékù gétì, wọ́n fi lé ara férémù láti ìbàdí dé èjìká, kí ibi tó ya tẹ́lẹ̀ má baà tún ya. Wẹ́dà ní òun ò gbowó, kí wọ́n ṣáà bá òun fọ kóòtù ìgbéyàwó òun. Kóòtù ọ̀hún ti di aṣọ iṣẹ́, ẹ ò lè mọ àwọ̀ ẹ̀ mọ́. Alágbàfọ̀ gbà á, ó sì kábàámọ̀ ẹ̀ gan-an nígbà tó ki í bọnú omi.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúyẹ́, inú ẹ̀ ṣófo, torí náà wọ́n fi pákó bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tì í lẹ́yìn. Ó wá ku ọ̀pá ìdábùú. Tábìlì ìlọṣọ kan tó ti kán wà lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ irin ẹ̀ ṣì le koko. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ méjì, wọ́n gé wọn bó ṣe yẹ, wọ́n kan irin àgbékọ́ mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Kí Ó-kù-díẹ̀ tó kan èyí tó kẹ́yìn, Alágbàfọ̀ ní kí Màmá wá gbé ọ̀pá náà sókè wò, torí ilẹ̀kùn tí onílé ò bá lè ṣí, ẹ̀wọ̀n ni. Màmá gbé e, ó tún gbé e, ó bi Ó-kù-díẹ̀ bóyá ó ti parí.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ilẹ̀kùn ti dára, ó wá ku onílé. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn Màmá, "Wọlé" ni yóò gbọ́, olówó ni o, tálákà ni o. Alágbàfọ̀ jókòó tì í, ó ní, "Màmá, ẹ máa béèrè ẹni tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí i."

"Kí n béèrè kí ni? Ẹni tó kanlẹ̀kùn ti ṣe ọmọlúàbí. Olè kì í kanlẹ̀kùn."

"Tòde òní ń kàn án, Màmá."

Wọ́n dán an wò. Alágbàfọ̀ jáde, ó kan ilẹ̀kùn. "Wọlé," ni Màmá wí. Alágbàfọ̀ bá a wí. Ó tún jáde, ó tún kàn án. "Wọlé." Ó bi Màmá ìdí tí kò fi béèrè. Màmá ní, "Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ta ni mo tún fẹ́ bi?" Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é, arúgbó náà ò gbọ́. Alágbàfọ̀ padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń kùn, ọkàn ẹ̀ ò sì balẹ̀ títí Sátidé fi dé.

Alátáyà dé tòun ti mọ́tò akẹ́rù àti awakọ̀ tó ti ká apá aṣọ sókè. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, Màmá wà nínú ilé, ó ti fi ọ̀pá dábùú, Alágbàfọ̀ wà níta. Alátáyà bọ́ aago ọwọ́, ó fún awakọ̀ mú, ó sún sẹ́yìn, ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn iwájú. Ilẹ̀kùn dún gbì, kò mì. Ó tún gbá a. Àwọn aládùúgbò ti yọjú, ẹnì kan ní kó lọ jẹun kó tún padà wá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ibẹ̀, imú bàtà ẹ̀ là. Nígbà tó padà wá síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fọwọ́ ra èjìká, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ dùn, ó hàn lójú ẹ̀.

"Àbúrò mi, o ṣe é," ló wí. "Ilẹ̀kùn yìí le. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Wò ó báyìí."

Ó rọra fi ìka kan ilẹ̀kùn, kò-kò-kò. Alágbàfọ̀ di ojú. Gbogbo súkúrù, gbogbo irin, kóòtù wẹ́dà, ó ti já sí asán.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá wí látinú ilé.

Alágbàfọ̀ la ojú.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ta ni ń jẹ́ èmi?"

"Àkọ́bí yín ni."

"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé mo ní àkọ́bí. Olè náà lè mọ̀ ọ́n."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Alátáyà náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi mí ní nǹkan kan nígbà náà. Èyí tó bá wù yín."

Màmá rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Etí wo ni mo fi ń gbọ́ràn?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alágbàfọ̀. Àìsàn kan ló ṣe Màmá léṣìí, etí kan sì di látìgbà náà. Gbogbo ẹni tó ń gbé aṣọ wá ló mọ̀, títí dórí ọmọ tó ń ra bọ́tìnnì. Wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń dúró sí kí wọ́n tó kí i. Tí Alátáyà bá pè, Alágbàfọ̀ ló ń gbé fóònù sí etí tó dáa. Ẹni tó wà lórí fóònù kò lè rí ìyẹn.

"Etí kẹ̀?" ni Alátáyà wí. "Etí méjèèjì ni, Màmá. Ta ló ń fi etí kan gbọ́ràn?"

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Alátáyà yíjú sí àbúrò ẹ̀, ohun tó rí lójú ẹ̀ sì yé e. Ohùn ńlá yẹn wálẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"O ò sì sọ fún mi."

"Màmá ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá wá, ẹ máa rí i."

Ojú ti Alátáyà. Ojú tì í débi pé ó kọjú sí ògiri kí awakọ̀ ẹ̀ má baà rí i. Àánú ẹ̀ ṣe Alágbàfọ̀, ó fẹ́ sọ ìdáhùn náà sí i létí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbọ́wọ́ sókè pé kó má sọ ọ́. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Màmá, mi ò mọ̀. Èmi lọmọ yín, mi ò sì mọ̀."

Wọ́n gbọ́ tí irin ń lọ gìrìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí. Màmá dúró níbẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀.

"Etí méjì péré ni mo ní," ló wí. "Olè ì bá ti kàn mú ọ̀kan, kò ní jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀. Wọlé, ọmọ mi."

Alátáyà wọlé. Àdéhùn ṣì ni àdéhùn, ó sì ti wọlé láìsí kọ́kọ́rọ́, Alágbàfọ̀ dúró kó gbọ́ ohun tó máa sọ. Awakọ̀ yọrí sínú ilé, ó ní, "Ọ̀gá, èwo ni ká kọ́kọ́ gbé?"

"Máa gbé mọ́tò lọ," ni Alátáyà wí. "Màá wọ ọkọ̀ bọ̀ tó bá yá."

Ó gbé àpótí ìjókòó kan nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó gbé e dé iwájú àga Màmá, kò sì gbé e kalẹ̀. Ó kàn gbé e dání.

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n jókòó sí?"

Màmá fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àga ẹ̀, Alátáyà sì jókòó síbẹ̀.