Mi Ò Ní Pa Ọmọkùnrin Náà

Nínú ìwé ìtàn àròsọ tí mo kọ́kọ́ kọ, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú fúláàtì kánsù kan, ilé tí ìjọba ń háyà fún aráàlú, ní Peckham. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́. Ó fẹ́ràn bàtà ju oúnjẹ lọ. Ìyá rẹ̀ a máa bá a jà torí pé kì í tètè jí kí ìrun àárọ̀. Ọmọ á ní òun ti kí i, irọ́ sì ni. Bí ìwé náà ṣe ń lọ nìyẹn, ìyá àti ọmọ, ìjà wọn àti ẹ̀rín wọn, títí ọmọ fi kọ́ṣẹ́ tán tó sì kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní Deptford.

Olóòtú ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí ìwé náà ní ká pàdé ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kan ní New Cross. Ìlú òyìnbó yìí ni wọ́n ti bí i, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Tó bá ń sọ Yorùbá, gbogbo ohùn rẹ̀ á dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní ìwé náà pa òun lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin débi pé àwọn èèyàn ń wo òun. Inú mi dùn. Ìgbà yẹn ló wá gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Áńtí, ẹ má bínú o. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn."

"Báwo? Ó kọ́ṣẹ́ tán. Ó ríṣẹ́. Ó kó kúrò nílé."

"Mo mọ̀. Mo ń sọ nǹkan gidi. Tí àwọn èèyàn bá rí Peckham lẹ́yìn ìwé, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń retí." Ó wo ojú fèrèsé. "Tí wọ́n bá gún un lọ́bẹ ńkọ́? Ní àárín ìwé. Kó wá ku ìyá nìkan. Áńtí, gbogbo èèyàn ló máa sunkún."

Mo ní màá rò ó wò.

Mo sì rò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ ìwé láàárín ṣíìfù iṣẹ́ kan sí èkejì, ó sì wù mí kí n rí iṣẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo ráyè, mo lọ jókòó sí ilé ìkàwé, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ikú ọmọ náà.

Ó ń ya wá bí omi. Òjò ń rọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọkọ̀ ọlọ́pàá ń ké, ìyá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo lè fi odindi òwúrọ̀ wá gbólóhùn kan, ọwọ́ mi ò dúró rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo gbójú sókè, mo wo àwọn ìwé tó wà níwájú mi, mo sì rí i pé mo ti ka ikú yìí rí.

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń yá ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá dárúkọ àdúgbò wa nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó jọ àwọn tí mò ń bá gbé ni mò ń wá. Ọmọ náà máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí n tó ka ìwé dé ìdajì, ó ti kú. Ìyá rẹ̀ á sì ti wà nínú òjò pẹ̀lú sílípáàsì. Ohun tó ń tú jáde lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ìmísí. Ìyókù ìwé àwọn ẹlòmíràn ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ilé ìwòsàn kan lápá Camberwell ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti dúró ti irú ìyá bẹ́ẹ̀. Kò sáré, kò sì pariwo. Ohun tó ń bi mí ṣáá ni ibi tóun ti lè rí iná fi sáàjì fóònù òun, kí òun lè pe bàbá ọmọ. Mo bá a wá a. Mi ò kọ obìnrin yẹn sínú ìtàn kankan rí, mi ò sì ní kọ ju báyìí lọ. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ọjà mi.

Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì ránṣẹ́ sí olóòtú náà pé ká tún pàdé.

"Ṣé o ní àbúrò ọkùnrin?" ni mo bi í.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Kí ló dé?"

"Níbo ló dàgbà sí?"

"Inú ẹsitéètì kan náà tí gbogbo wa dàgbà sí ni."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Áńtí! Ó wà láàyè o! Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà."

"Ìwé wo lo ti ka nípa rẹ̀ rí?"

Ó ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo máa sọ pé ká gba ìwé náà, Áńtí. Àwọn ọ̀gá mi ni."

"Bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé mi ò ní pa ọmọkùnrin náà."

Ó sọ fún wọn. Wọn ò gba ìwé náà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò lè ka ìwé kankan fún ìgbà díẹ̀, àfi kí n máa gé àlùbọ́sà kí n lè ráyè sunkún.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn obìnrin tá a jọ ń kéwú ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Sátidé ní kí n ka díẹ̀ fún àwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Mo ka ibi tí ọmọ ti ń purọ́ nípa ìrun. Àlàájà kan tó jókòó níwájú ká ọwọ́ gbera, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀.

"Ṣé ó ṣẹlẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Àròsọ ni."

"Irọ́ nìyẹn nígbà náà. O tún wá ń kà á fún wa nínú mọ́sáláṣí."

Ṣùgbọ́n mi ò pa ìwé dé. "Ẹ ṣe sùúrù, mà. Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ ti to bàtà rẹ̀ sórí ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ sì ń sùn sílẹ̀, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún ọ?" ló wí. Àwọn tó kù ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú ń sọ ti ọmọ tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan ló padà gbé ìwé náà jáde, láì fọwọ́ kan ọmọ náà. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìtàn náà dára, àmọ́ kò sí ewu tó dojú kọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo kà á, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìwé kejì ni mò ń kọ báyìí. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti gbéyàwó, orí rẹ̀ ti ń pá, ó ti yọ ikùn díẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jà nítorí àwọ̀ ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun yàrá. Mo ti kọ ìjà yẹn kọjá ogójì ojú ìwé, mi ò sì tíì ṣetán láti parí ẹ̀.